Ẹ Dín In

Èmi ni mo kọ ìwé náà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá ẹlòmíràn tí wọ́n máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù, kó lè kúrò lọ́rùn mi: wọ́n á ní dókítà ni, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì ni, wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ bàbá mi ní Láfẹ́nwá, tí mo ya ojú ewé kan kúrò nínú ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ mi, tí mo mú bírò pupa tí mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, tí mo sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. Gbogbo àmì ohùn ló pé sórí rẹ̀.

Tíṣà Yorùbá ni mí, ní iléèwé girama kan lọ́nà Alábàtà, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé. Inú mi máa ń tètè ru, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ àmì. Bí ọmọ kan bá kọ "ọkọ" níbi tó ti yẹ kó kọ "ọkọ̀", mo lè dá gbogbo kíláàsì dúró kí n bi í bóyá ọkọ ìyá rẹ̀ ló gbé e wá síléèwé láàárọ̀. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, èmi ò ní rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ fún wọn pé Abẹ́òkúta yìí wà lára ibi tí àwọn àgbà ti jókòó ti Yorùbá kíkọ títí tó fi gún, pé ìtìjú ni kí ọmọ Ẹ̀gbá máa kọ ọ́ ní wúruwùru. Ẹ ti wá mọ irú ẹni tó mú bírò pupa lọ́wọ́ nìyẹn.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ilé tí wọ́n kọ́ kò sì jìnnà sí ojú irin. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni wọ́n ti ń dá gbé, tí wọ́n ń dá oúnjẹ ara wọn sè. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ta ló máa mọ ibi tí iyọ̀ wà nílé mi. Èmi ni wọ́n ń pè ní Tíṣà, láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́, wọn ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ó yẹ kí èèyàn gbọ́ tirẹ̀.

Ohun méjì ló dùn mọ́ bàbá mi jù láyé. Èkíní ni iṣu sísè, èyí tó funfun tó sì rọ̀, pẹ̀lú epo pupa àti iyọ̀ díẹ̀. Wọ́n lè jẹ odidi abọ́ rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Èkejì ni kíka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sunday kan lóṣù ni tiwọn, ó sì ti pẹ́ gan-an tó ti jẹ́ tiwọn. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n á ti máa ka ibi tí wọ́n yàn fún wọn, wọ́n á kà á sókè nínú yàrá, wọ́n á kà á lórí àga níta. Tó bá wá di ọjọ́ Sunday, wọn kì í lo makirofóònù. Ohùn wọn á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ojú ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn lẹ́tà inú Bíbélì ń para pọ̀ mọ́ra wọn. A rò pé gíláàsì ni, a pààrọ̀ gíláàsì, kò yí padà. Nígbà tí mo mú wọn dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ṣúgà ni. Ó ti wà nínú ara ó ti pẹ́, a ò kàn mọ̀ ni. Dókítà kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣúgà yìí ti ń dé ojú. Bí kò bá wálẹ̀, ojú yín á lọ." Bàbá mi kò bèèrè nípa ẹsẹ̀, wọn ò bèèrè nípa ikú. Wọ́n ní, "Tó bá wálẹ̀ ńkọ́, ṣé mo máa lè kàwé?" Dókítà ní, "Tó bá wálẹ̀, ẹ máa kàwé, bàbá." Ìlérí yẹn wọ̀ wọ́n lára. Mo rí i lójú wọn.

Wọ́n wá mú wọn lọ sí yàrá kejì láti kán oògùn sí wọn lójú, nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì pe èmi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó wọlé. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sí dáyẹ́ẹ̀tì, tó wá gbẹ débi pé kóòtù rẹ̀ ń mì lára rẹ̀, bàbá mi sì ti sọ fún mi bí a ṣe kúrò lọ́dọ̀ dókítà pé àwọn ò ní ṣe irú ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Anti, ta ló fẹ́ fi bàbá sí dáyẹ́ẹ̀tì? Wọn ò ní gbààwẹ̀, kò sí oúnjẹ kankan tó di èèwọ̀ fún wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ náà ni wọ́n máa jẹ. Kí wọ́n kàn dín in kù ni. Kí iṣu má pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí láfún má ju ẹ̀ṣẹ́ wọn lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Small small, kó mọ́ wọn lára. Ẹni tí a bá fipá mú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa ṣe é." Ó mú bébà, ó ya abọ́ kan sí i, ó fa ìlà sí i láàárín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún bàbá, kí wọ́n lè máa rí i.

Bí bàbá mi ṣe jáde, tí omi oògùn ń ṣàn lójú wọn, ohun tí mo sọ fún wọn nìyí, mi ò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "Wọ́n ní ẹ ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀, bàbá mi. Bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ nìkan ló máa yí padà. Mo máa kọ ọ́ fún yín." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kọ ọ́, Tíṣà. Mo máa ṣe é."

Mo fẹ́ kí ojú wọn lè gbé e, ni mo ṣe fẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì kúrú. Mo kọ́kọ́ kọ "Ẹ dín iṣu kù", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn kò gbà lórí ìlà, ó ń bọ́ sísàlẹ̀, ìwé náà sì ń rí jágbajàgba. Mo fà á ya, mo kọ òmíràn. Mo ní ta ni kò mọ ohun tí mò ń sọ. Bó ṣe wà nìyí nígbà tí mo parí rẹ̀:

Ẹ dín iṣu.
Ẹ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ẹ dín ẹran.
Ẹ dín búrẹ́dì.
Ẹ dín láfún.
Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa.

Bàbá mi gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀ lórí ìlà karùn-ún. Wọ́n ní, "Láfún náà?" Mo ní, "Láfún náà, bàbá mi." Mo rò pé wọ́n ń káàánú láfún ni, nítorí ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò ní káàánú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rélùwéè lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò bèèrè. Nígbà tiwọn, ọkọ̀ ojú irin kì í kúrò ní ibùdó láìjẹ́ pé awakọ̀ ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ìwé pélébé ni, ó sọ ibi tí yóò lọ àti ibi tí yóò ti dúró. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. Awakọ̀ kì í bèèrè pé kí ló fà á. Ó lè rò pé kò mọ́gbọ́n dání, á ṣì ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ti rí ohun tí òun kò rí. Wọ́n sọ ìtàn yẹn fún wa ní kékeré títí ó fi sú wa. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún gbé bírò pupa.

Lójoojúmọ́ ni mo ń pè wọ́n lórí fóònù tí mo bá ti dé láti iléèwé. Mo lè sọ gbogbo ohun tí a máa ń sọ láìpa ọ̀rọ̀ kan jẹ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá mi. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Iṣu ni."

"Ṣé ẹ dín in?"

"Mo dín in."

"Ẹ ṣeun, bàbá mi. Ẹ̀fọ́ ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

Mo ń fi wọ́n yangàn ní yàrá àwọn tíṣà. Mo ní ẹ wo bàbá arúgbó tó ń ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ogójì ọdún ni ẹ ò lè fi ife máltì yẹn sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bi wọ́n bóyá wọ́n dín in, tí wọ́n sì ń dá mi lóhùn pé àwọn dín in, tí inú àwa méjèèjì ń dùn.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fẹsẹ̀ ara mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti Alábàtà sí Láfẹ́nwá kì í ṣe ìrìn àjò, mi ò ní purọ́. Ìdánwò ni mo ń máàkì, mo sì gbà pé fóònù ti tó. Lẹ́ẹ̀kíní, ìyá tó ń ta òróró ní ìta wọn kí mi tẹ̀rín tẹ̀yẹ, ó ní bàbá mi ti wá di oníbàárà òun gidi. Mo ní kó máa bá mi tọ́jú wọn, mo bá tèmi lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bá dòdò lórí tábìlì, abọ́ kún. Mo ní, "Bàbá mi, èyí mà pọ̀ o." Wọ́n ní, "Mo ti dín in, Tíṣà." Mo wò ó, mo ní bí ó bá jẹ́ pé èyí ni wọ́n ti dín, a jẹ́ pé ti tẹ́lẹ̀ kọjá sísọ. Mo mú mẹ́ta jẹ níbẹ̀. Ó dùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ SS Two ní táàmù yẹn gan-an ni pọ́nna, ìyẹn gbólóhùn tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: "Mo rí ọmọ tíṣà tó ń sunkún." Mo ní ta ló ń sunkún, ọmọ ni àbí tíṣà? Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí aago fi lù. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ máa fi etí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí òun kọ. Inú mi dùn sí bí mo ṣe sọ ọ́. Mo tiẹ̀ tún un sọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ láìsọ fún wọn. Mo ti ra ṣọkọ àti ewúro tútù lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko lẹ́yìn iléèwé wa, mo ní kí n lọ fi dá bàbá mi lára yá. Èéfín ló kọ́kọ́ pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sáré wọ ilé ìdáná. Bàbá mi dúró ti iná, agbada wà níwájú wọn, òróró ń ta sókè pàràpàrà, nǹkan funfun kan sì ń fọ́ káàkiri inú rẹ̀. Òróró ti ta sí wọn lọ́rùn ọwọ́, ibẹ̀ ti lé ròrò.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ó dáa tí o dé. Gbogbo ìyókù ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Láfún yìí nìkan ni kò gbọ́ràn. Mo ti rò ó líle, mo ti rò ó rírọ̀, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú kó lè gan, síbẹ̀ tó bá ti kan òróró ó ń fọ́ ni."

Mo ní, "Kí lẹ ń ṣe sí i, bàbá mi?"

Wọ́n ní, "Mò ń dín in."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo rẹ́rìn-ín, mo di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ọpọlọ wọn ti ń gbó. Mo pa iná. Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ dín láfún?" Wọ́n wò mí bíi pé ọpọlọ tèmi ni kò pé. Wọ́n nawọ́ sí ògiri.

"Ohun tí o kọ ni mò ń ṣe."

Mo wo ìwé ara mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn iṣu, mo wá "kù", kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí. Ìlà márùn-ún gbáko, mi ò rí ẹyọ kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilé ìdáná náà bó ṣe rí: kẹ́ẹ̀gì òróró méjì nílẹ̀, síbí oníhò tí òróró bò, abọ́ dùndún tó kún dẹ́nu lórí káńtà, ẹran dídín nínú ike, búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú ẹyin tí wọ́n sì dín. Oṣù mẹ́ta. Ó pọ̀ bó ṣe máa ń pọ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ ò wá bèèrè, bàbá mi?"

Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ bèèrè? Mo rò pé òróró gbígbóná ló ń pa ṣúgà inú rẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?"

Wọ́n rò ó díẹ̀, nítorí wọn kì í purọ́ fún mi. "Rárá. Dùndún kì í wù mí. Ó máa ń ha mí lọ́fun. Iṣu sísè ni mo fẹ́ràn, o mọ̀. Ṣùgbọ́n o ní kí n dín in."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Àwọn ọmọ SS Two ì bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ti mọ̀ pé tíṣà ni. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ṣé mo dín in jù ni?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn tán, wọn ò bínú. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí mà le o. Wọ́n jókòó, wọ́n nu gíláàsì wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Ojú mi yìí wá ńkọ́?"

A lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ṣúgà náà ti gòkè ju bí a ṣe bá a lákọ̀ọ́kọ́ lọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn mìíràn, wọ́n tún ṣiṣẹ́ lójú wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ojú òsì, kò ríran mọ́. Ti ọ̀tún kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Mo bi dókítà léèrè níta bóyá òróró ni. Mo fẹ́ kó dá mi lẹ́jọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ, pé ṣúgà ti wà lára wọn tipẹ́, pé ó lè jẹ́ bó ṣe máa rí nìyí bí wọn ò tiẹ̀ fojú kan agbada rí. Ó ní ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó kí mi kú ìtọ́jú bàbá, ó wọlé.

Láti ìgbà náà, mo máa ń ti iléèwé lọ tààrà sí Láfẹ́nwá. Mo fa ìwé náà yọ kúrò lára ògiri, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n fi sínú Bíbélì wọn. Wọ́n ní ìwé àṣẹ ni, wọn kì í jù ú nù. Mi ò kọ òmíràn, nítorí kò sí ojú tó máa kà á.

Bí a ṣe ń jẹun báyìí nìyí. Mo ní kí wọ́n di ọwọ́ wọn ní ẹ̀ṣẹ́, mo rọ láfún bí ẹ̀ṣẹ́ náà ṣe tó. Èmi náà di tèmi, mo rọ tèmi. Ègé iṣu méjì dípò márùn-ún, sísè ni, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ràn jẹ. Ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Mo ti rí i pé tí wọ́n bá kọ́kọ́ kan iṣu, wọn á jẹ iṣu tán kí wọ́n tó rántí ẹ̀fọ́, nítorí náà mo máa ń yí abọ́ kí ẹ̀fọ́ wà níhà ọ̀dọ̀ wọn, kí ọwọ́ wọn lè bá a lákọ̀ọ́kọ́. Ẹja sísè ti rọ́pò ẹran. A máa ń rìn dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á di apá mi mú. Kò sí ohun tó le nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, pé kò le. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ní kí a ṣe náà ni, kò sì gba wá ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kó tó mọ́ wa lára.

Ṣúgà náà wálẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, nọ́ọ̀sì náà yọ̀ mọ́ wọn, ó ní bàbá ti ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Nínú kẹ̀kẹ́, nígbà tí a ń gba Oke-Ilewo bọ̀ nílé, bàbá mi di apá mi mú. Wọ́n wá ní, "Tíṣà, ṣúgà ti wálẹ̀."

Mo ní, "Ó ti wálẹ̀, bàbá mi."

Wọ́n ní, "Dókítà ní tó bá wálẹ̀, mo máa kàwé."

Mo yí ojú sí ìta. Wọn kò rí mi, síbẹ̀ mo yí ojú.

Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ojú wọn fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Sunday wọn tún ń bọ̀, mo ní kí n lọ sọ fún àlùfáà kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Wọ́n ní rárá, pé kí n máa kà á fún wọn, àwọn á gbà á sórí. Wọ́n pín ẹ̀kọ́ náà sí ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo bá ń dáná, Bíbélì wà lórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ka ìlà kan, wọ́n á tún un sọ láti orí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ojúmọ́ kan, ìpín kan. Wọn kì í jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Tọ́síìdeè, ẹ̀wà ru sókè, mo sáré lọ dín iná kù, mo nu ilẹ̀, mo padà wá, mo fi ìka wá ibi tí mo dé, mo sì ń kà á lọ.

Lọ́jọ́ Sunday, mo fà wọ́n lọ́wọ́ dé ibi tí Bíbélì ńlá wà, gbogbo èèyàn sì rò pé ọjọ́ ogbó lásán ni. Wọ́n wọ gíláàsì wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ìwé náà. Ohùn wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mo ṣí Bíbélì tèmi, mo ń fi ìka tẹ̀ lé wọn, inú mi ti ń balẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ibi tí mo ti dánu dúró mí nílé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dánu dúró. Nígbà tí wọ́n dé ìpín ọjọ́ Tọ́síìdeè, wọ́n fo ẹsẹ méjì.

Wọ́n fò ó láìmikàn. Mo gbọ́ tí bébà ń dún káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ibi tí wọ́n wà. Àlùfáà gbé orí sókè, ó wo bàbá mi, ó tún wo ìwé iwájú rẹ̀, ó sì tẹ orí ba. Èmi wo ìka mi. Ẹsẹ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo fò lọ́jọ́ tí ẹ̀wà ru.

A dé ilé. Mo ro láfún, mo rọ ọ́ bí ẹ̀ṣẹ́ wọn, mo bu ẹ̀fọ́, mo yí abọ́ kí ẹ̀fọ́ wà níhà ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fọ ọwọ́. Wọn ò tíì kan oúnjẹ.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìwé. Ṣé mo fo nǹkan ni?"

Mo lè sọ pé rárá. Mo ní, "Ẹ fo ẹsẹ méjì, bàbá mi."

Wọ́n mi orí díẹ̀. Kò sí ìbínú kankan lójú wọn, kò sì sí ẹ̀gàn.

Wọ́n ní, "Ohun tí o kà fún mi ni mo kà, Tíṣà."

Wọ́n na ọwọ́ sínú abọ́, ó bá ẹ̀fọ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.